Julie Moss àti Eré-Ìje Alápá Mẹ́ta: Ohun Tí Ìṣubú Kọ́ Àwọn Eléré

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn eré-ìje kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ́ Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí n kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Triathlon ni eré náà. Ẹni tó bá ń ṣe é á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà á wá fẹsẹ̀ sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìsí ìsinmi láàárín. Èmi pè é ní eré-ìje alápá mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá ní orúkọ tó dùn jù báyẹn lọ, kó mú un wá o. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún. Nígbà tí Jack Johnstone fẹ́ kí wọ́n ṣe ife ẹ̀yẹ fún eré àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣe ife náà bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, torí kò rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ìlú San Diego ní Kalifọ́níà ni eré àkọ́kọ́ yẹn ti wáyé, ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1974. Johnstone àti Don Shanahan ló ṣètò rẹ̀ fún ẹgbẹ́ eléré tiwọn, San Diego Track Club. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni, èèyàn 46 ló wá sí etí omi Mission Bay. Wọ́n sáré, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì bọ́ sínú omi. Ẹ wò ó dáadáa: omi ló gbẹ̀yìn. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yá tó dé etí omi, àfìgbà tí wọ́n tan iná ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sójú omi kí wọ́n lè rí ibi tí wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó kú, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n lónìí, níbi eré tó lórúkọ, omi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹni tó ti rẹ̀, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dì, lè jókòó sẹ́bàá títì. Kò síbi tó lè jókòó sí láàárín omi.

John Collins, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti Judy ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn 46 yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ gbé wọn lọ sí erékùṣù Oahu ní Hawaii, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn eléré ní ọdún 1977. Ta ni ara rẹ̀ le jù: ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ni àbí ẹni tó ń sáré? Collins ní àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ó wá dábàá pé kí wọ́n so eré mẹ́ta tó ti wà lórí erékùṣù náà pọ̀: ìlúwẹ̀ẹ́ Waikiki, ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ yí Oahu po, àti eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ti Honolulu. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, ó jẹ́ kìlómítà 3.86 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú, wọn á máa pè é ní ọkùnrin onírin, ìyẹn ni orúkọ Ironman.

Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1978 ni wọ́n ṣe é. Èèyàn 15 bẹ̀rẹ̀, 12 parí. Kò sí ẹni tó ń fi eré yìí jẹun nínú wọn. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń pín omi lójú ọ̀nà, oníkálùkù ló mú àwọn tó máa fún un lóúnjẹ wá. Èyí ló kó bá John Dunbar. Dunbar ló wà níwájú nígbà tí eré ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá gbé bíà fún un. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bíà nínú oòrùn Hawaii, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180! Gordon Haller kọjá rẹ̀, ó sì gbé ipò kìíní pẹ̀lú wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 58. Dunbar dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Collins fúnra rẹ̀ lo wákàtí 17 gbáko.

Ìwé ìròyìn Sports Illustrated kọ nípa eré náà ní 1979, tẹlifíṣọ̀n ABC dé ní 1980. Ní 1981 wọ́n gbé e kúrò ní Oahu lọ sí Kailua-Kona, ní erékùṣù tó tóbi jù ní Hawaii. Ibẹ̀ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ gan-an ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ọdún 23 ni Julie Moss nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, ní yunifásítì kan ní San Luis Obispo ní Kalifọ́níà, níbi tó ti ń kọ́ nípa bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà eré ìdárayá. Iṣẹ́ ìwádìí tó máa fi jáde ló kù. Ó ti rí eré Ironman lórí tẹlifíṣọ̀n, ló bá pinnu pé òun á lọ ṣe é, òun á sì fi ara òun ṣe ohun tí òun ń wádìí. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá ẹni tí a máa fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́ ìwádìí. Òun kàn lọ bọ́ sínú òkun ni.

Ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ọdún 1982 ni. Ọ̀nà Kona kì í ṣe ọ̀nà eré o. Àárín àpáta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde láyé àtijọ́ ni títì gbà, kò sí igi, kò sí ibòji, ooru ń bọ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ láti ilẹ̀, atẹ́gùn sì máa ń ti èèyàn lórí kẹ̀kẹ́. Moss kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún. Síbẹ̀, nínú eré ẹsẹ̀, òun ló wà níwájú gbogbo obìnrin. Ẹni tó wá ṣèwádìí ti ń sáré láti gba ipò kìíní báyìí.

Nígbà tí ìlà òpin kù díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Ara rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, kódà kò lè di ìgbẹ́ rẹ̀ mú, iná tẹlifíṣọ̀n sì wà lójú rẹ̀ nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Kathleen McCartney, ọ̀dọ́mọbìnrin láti Kalifọ́níà bákan náà, sáré kọjá rẹ̀ láàárín èrò. McCartney ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti wà níwájú. Ìgbà tó dé ìlà òpin ni wọ́n tó sọ fún un. Moss wà nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákòrò bí ọmọ ọwọ́, ó fi ọwọ́ àti orúnkún wọ́ ara rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan òdìkejì ìlà. McCartney: wákàtí 11, ìṣẹ́jú 9, ìṣẹ́jú àáyá 40. Moss: wákàtí 11, ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú àáyá 9. Ìṣẹ́jú àáyá 29 péré ló wà láàárín wọn.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ìgboyà. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ó yẹ ká bojú wẹ̀yìn níbí, ká bi ara wa pé kí ló gbé e ṣubú.

Ìdáhùn náà wà nínú ẹ̀kọ́ tí Moss fúnra rẹ̀ ń kọ́. Ara èèyàn máa ń tọ́jú irú ṣúgà kan sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ìyẹn ni epo tí eré líle ń jó. Kò pọ̀. Ẹni tó bá ń sáré kíkankíkan láìjẹ nǹkan kan, ó lè tán lára rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Moss ti lúwẹ̀ẹ́, ó sì ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rárá. Tí ohun tó ń wọlé kò bá tó ohun tó ń jáde, kò sí bí ọkàn ṣe le tó, ẹsẹ̀ á kọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: òwe lásán kọ́ nìyẹn, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ọpọlọ pàápàá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lò, ìdí nìyí tí ẹni tí epo rẹ̀ tán fi máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí kò sì ní mọ̀ pé oúnjẹ ló yẹ kí òun wá.

Àwọn kan á wá ní, ó dáa, kí èèyàn ṣáà máa mu omi. Èyí náà jẹ́ àṣìṣe, ó sì ti pa èèyàn rí. Òógùn ń gbé iyọ̀ jáde. Bí eléré bá wá ń da omi lásán sára ju bó ṣe yẹ lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á wú. Tim Noakes, dókítà ọmọ South Africa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí rẹ̀, ní ọdún 1985. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn tó ń ṣètò eré ọ̀nà jíjìn tó gbọ́, torí ohun tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn eléré látẹ̀yìn wá ni pé kí wọ́n mu, kí wọ́n tún mu.

Lẹ́yìn tí ABC fi fíìmù ìrákòrò yẹn hàn, eré tí èèyàn díẹ̀ mọ̀ di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó wò ó ni Mark Allen, tó ń ṣiṣẹ́ adóòlà-ẹ̀mí ní etí òkun San Diego. Ó dé Kona ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982 kan náà, ṣùgbọ́n ìyípadà ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bà jẹ́, kò lè parí. Ní 1984, ó ṣáájú gan-an lórí kẹ̀kẹ́, oòrùn wá gba agbára rẹ̀ nínú eré ẹsẹ̀, ó ṣe ipò karùn-ún. Ní 1987, ó tún wà níwájú, Dave Scott lé e bá, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà nínú ara rẹ̀ nígbà tó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ tí kò gba ipò kìíní. Ohun tó yí padà ni pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ jẹ́jẹ́. Phil Maffetone tó ń kọ́ ọ ní kó máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kó má ṣe jẹ́ kó lù kọjá ìwọ̀n kan nígbà ìgbáradì. Ní 1989, Allen kò sáré síwájú Scott rárá. Ó rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, nínú omi, lórí kẹ̀kẹ́, lórí ẹsẹ̀, títí wọ́n fi dé òkè kan tí kò jìnnà sí òpin, ibẹ̀ ló ti fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 58 ló fi jù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ló padà gba ipò kìíní. Ó tilẹ̀ fẹ́ Julie Moss ní ọdún 1989 yẹn, wọ́n sì kọ ara wọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.

Kò tíì sí ẹni tó mọ eré yìí débi tí kò lè ṣubú. Paula Newby-Fraser, tí wọ́n bí ní Zimbabwe, ti gba ipò kìíní ní Kona lẹ́ẹ̀meje kó tó di 1995. Lọ́dún yẹn, Karen Smyers ń lé e bọ̀, ó sì ń sáré kọjá ibi tí wọ́n ti ń pín omi láìdúró. Ó wó lulẹ̀ nígbà tí òpin kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó jókòó sójú títì, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó lè dìde, ó wá rìn wọlé lẹ́sẹ̀ òfìfo ní ipò kẹrin. Ní 1996 ó padà wá, ó gba ìkẹjọ.

Ní ti Moss, ó padà sí Kona ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìrákòrò yẹn, òun àti McCartney jọ lọ bọ́ sínú omi Kailua-Kona lọ́jọ́ kan náà, àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún.