Ìlọrin, Ẹmu àti Òfin Òyìnbó

Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọtí tí ó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òkè Etna ní ilẹ̀ Ítálì, òkè tí ń pọ iná, èso àjàrà ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pẹ ni orísun ọtí. Adẹ́mu a fi igbà gùn ún, a gbé agbè kọ́ ọ. Ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ a sì sọ omi dídùn náà di ẹmu, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ohun kan kún un.

Kí ni ó wá fà á tí Ìlọrin, ìlú tí ń sọ Yorùbá, kò fi di ìlú ẹlẹ́mu? Àwọn kan a ní ẹ̀sìn Ìsìláàmù nìkan ni. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi í ṣe ẹ̀rí pé ará Ìlọrin kì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èkíní ni ilẹ̀. Inú ọ̀dàn ni Ìlọrin wà. Ọ̀pẹ kò pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ nínú igbó tí ó wà ní gúúsù rẹ̀. Ọkà bàbà ni ó yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni àwọn ará ọ̀dàn sì fi ń pọn ọtí bàbà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní burùkùtù.

Èkejì ni ẹ̀sìn. Òkè Súnà, níbi tí Ṣọlágbẹ́rú ti jẹ́ olórí, ti di ibùdó àwọn Mùsùlùmí kí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1824. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Abdulsalami, ọmọ Àlímì, di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Ìsìláàmù sì ka ọtí léèwọ̀. Síbẹ̀, Yorùbá ni Ṣọlágbẹ́rú. Ẹ̀sìn tí ó gbà kò sọ ọ́ di àjèjì.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn ní Brussels láti dín títa ọtí líle kù ní Áfíríkà. Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Ní 1900, ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìjọba Ìhà Àríwá, èyí tí ó ka jínnì òyìnbó léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ní Ìhà Gúúsù, ọ̀tọ̀ ni ohun tí òyìnbó kan náà ń ṣe: ó ń gba owó ibodè lórí jínnì, apá ńlá sì ni èyí jẹ́ nínú owó tí ó fi ń ṣàkóso. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgò tí a lè tà ní gbangba ní Ògbómọ̀ṣọ́ di ohun tí òfin dè ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni ìlú méjèèjì kò jìnnà síra wọn.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìdí tí ohun mímu Ìlọrin fi yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú Yorùbá yòókù, kí olùkọ́ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dá a lóhùn. Kí ó mú un wo ilẹ̀, kí ó mú un wo ẹ̀sìn, kí ó sì mú un wo ààlà tí òyìnbó fà.