Maya Lin: Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 tó ya ògiri ìrántí ogun Vietnam

Nọ́ńbà 1026 nìkan ni wọ́n fi dá iṣẹ́ náà mọ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí àdírẹ́sì, kò sì sí ohun tó lè fi hàn bóyá àgbà ayàwòrán ilé tó ti kọ́ báǹkì àti ilé ẹjọ́ ló yà á, tàbí ọmọdé tó ṣì ń jókòó sí kíláàsì. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n ń gbé bàálù sí ní ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú Andrews, lẹ́bàá ìlú Washington, ni wọ́n tò ó sí pẹ̀lú àwọn mìíràn tí gbogbo wọn jẹ́ 1,421. Àwọn adájọ́ ìdíje náà jẹ́ mẹ́jọ, àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n nínú iṣẹ́ ilé yíyà àti ère gbígbẹ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin gbogbo ìlà náà já. Wọ́n kọ́kọ́ yọ 232 sọ́tọ̀, wọ́n tún ṣà á kù sí 39, nígbẹ̀yìn ó ku nọ́ńbà 1026 nìkan. Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1981 ni wọ́n kéde ẹni tó ni ín: Maya Ying Lin, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Yale, tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ogun Vietnam kì í ṣe ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa dárúkọ nígbà náà. Kó tó parí lọ́dún 1975 ló ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, àwọn ọmọ ogun tó sì ti ibẹ̀ bọ̀ kò rí ẹni tó fi ìlù pàdé wọn bí wọ́n ti ṣe fún àwọn tó ja ogun àgbáyé kejì. Jan Scruggs, sójà tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1969, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde lọ́dún 1979 pé ó yẹ kí orúkọ gbogbo àwọn tó kú wà ní ojútáyé. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ààrẹ Jimmy Carter sì buwọ́ lu òfin tó fún wọn nílẹ̀ ní àárín gbùngbùn Washington ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 1980. Ilẹ̀ nìkan ni ìjọba fi sílẹ̀ o. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, ọwọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n ti kó o jọ. Ẹgbẹ́ náà ṣe òfin fún àwọn tó bá fẹ́ díje: orúkọ gbogbo òkú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ibi tí ènìyàn ti lè dákẹ́ kó ronú ni kó jẹ́, kò sì gbọdọ̀ sọ pé ogun náà dára tàbí pé kò dára.

Ìlú Athens, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí Maya Lin ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Ọmọ Ṣáínà tó sá wá sí Amẹ́ríkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Henry Huan Lin, ń mọ ìkòkò, òun sì ni olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ohio. Akéwì ni ìyá rẹ̀, Julia Chang Lin, tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọmọ tó dàgbà sáàárín amọ̀ àti ewì, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, lọ kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní Yale.

Ní ìgbà ìkórè ọdún 1980, nígbà tó wà ní ọdún àṣekágbá, ó wọ kíláàsì kan tí Andrus Burr ń kọ́, lórí àwọn ilé àti ohun ìrántí tí ẹ̀dá ń kọ́ fún òkú. (Bàbá Yorùbá tó bá gbọ́ pé ohun tí òun ń san owó ilé ìwé lé lórí nìyẹn, ó dájú pé yóò pe ọmọ náà sí yàrá.) Lára iṣẹ́ tí olùkọ́ náà yàn fún wọn ni pé kí wọ́n ya ohun ìrántí fún ogun àgbáyé kẹta, ogun tí ẹnikẹ́ni kò tíì jà. Ohun tí Lin yà jẹ́ ibojì abẹ́ ilẹ̀ tó ń bani lẹ́rù, tí kò sí ìtùnú kankan nínú rẹ̀, nítorí èrò rẹ̀ ni pé bí irú ogun bẹ́ẹ̀ bá jà, ta ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò wá ṣèrántí? Inú olùkọ́ rẹ̀ bàjẹ́ sí i. Ó ní bó bá jẹ́ pé arákùnrin òun ló kú nínú ogun náà, òun kò ní fẹ́ dé ibẹ̀ láé. Lin kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kò sí nǹkan tó yẹ kí ẹni tó ń ya ilé fún òkú mọ̀ tó jù ú lọ: òkú kọ́ ni yóò wò ó, ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ni.

Àsìkò náà ni wọ́n gbọ́ nípa ìdíje Washington, kíláàsì wọn sì fi í ṣe iṣẹ́ àṣeparí. Nǹkan méjì ti wà lọ́kàn Lin kó tó bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gbọ̀ngàn kan ní Yale fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà tó kú lójú ogun sára ògiri mábù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Yale, ó máa ń rí àwọn oníṣẹ́ tó ń gbẹ́ orúkọ àwọn tó kú ní Vietnam mọ́ ọn, kì í sì í gba ibẹ̀ kọjá láìfi ọwọ́ tọ́ àwọn orúkọ náà. Èkejì ni ohun tí olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, Vincent Scully, kọ́ wọn nípa ohun ìrántí tí Edwin Lutyens, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ sí Thiepval ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn ọmọ ogun tó lé ní 72,000 tí wọn kò rí òkú wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà ìsinmi Ìdúpẹ́, ó lọ wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Pápá oko ni, tí igi yí i ká. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé kí ó mú ọ̀bẹ, kí ó la ilẹ̀ náà, kí ó ṣí i. Koríko yóò hù padà, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà yóò máa dán títí. Ó padà sí Yale, wọ́n sì ní pòtétò gígún tó wà nínú àwo oúnjẹ ló fi kọ́kọ́ mọ ọ́n. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ kò ju ìlà díẹ̀ tí ó fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ yà lọ, pẹ̀lú àlàyé tó fi ọwọ́ kọ. Kíláàsì kò fún un ní A. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá kópa nínú ìdíje náà, kò sì gbégbá orókè.

Ohun tí wọ́n kọ́ rí báyìí. Ògiri méjì ni, òkúta granite dúdú tí wọ́n gbé wá láti Bangalore ní ilẹ̀ Íńdíà. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ 247 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì pàdé ní igun digíríì 125. Ní ibi tí wọ́n ti pàdé, ògiri náà ga ju ènìyàn lọ, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ṣùgbọ́n bó ti ń lọ sí ìkángun ló ń kéré, títí tí yóò fi ku íǹṣì 8 péré. Apá kan nawọ́ sí òpó gíga tí wọ́n fi ń rántí George Washington, èkejì nawọ́ sí ilé ìrántí Abraham Lincoln. Ògiri náà kò yọrí sókè ilẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn lè má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Àwọn tó bá sì ń gba ojú ọ̀nà wọlé ni ilẹ̀ yóò máa rọra gbé lọ sísàlẹ̀, tí orúkọ yóò máa pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ títí dé òkè orí. Òkúta náà ń dán bíi dígí. Ẹni tó ń ka orúkọ òkú yóò máa rí ojú ara rẹ̀ láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ètò orúkọ gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lin kò tò wọ́n ní a, b, d, kò sì tò wọ́n bí ipò wọn ti ga sí nínú iṣẹ́ ológun. Bí ikú ṣe mú wọn, lọ́jọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ló tò wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́, lọ́dún 1959, wà ní òkè ògiri ọ̀tún, ní igun tí ògiri méjèèjì ti pàdé. Orúkọ yóò máa lọ títí dé ìkángun apá ọ̀tún, níbi tí ògiri ti wọ inú ilẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun apá òsì, yóò sì padà wá sí igun kan náà, tí ẹni ìkẹyìn lọ́dún 1975 yóò fi wà nítòsí ẹni àkọ́kọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó jagun bọ̀ bínú sí èyí. Wọ́n ní báwo ni ìyá yóò ṣe rí ọmọ rẹ̀ láàárín orúkọ tó lé ní 57,000? Nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wá yẹ àkọsílẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn tó ń jẹ́ Smith nìkan lé ní 600, àti pé àwọn James Jones jẹ́ 16. Bí wọ́n bá tẹ̀lé a, b, d, ìyá James Jones yóò kàn rí òkìtì James Jones ni, kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò Lin, àwọn tó ṣubú lọ́jọ́ kan náà lójú ìjà kan náà wà pa pọ̀, sójà tó wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà yóò sì rí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú kan. Wọ́n gbé ìwé ńlá tí wọ́n tò ní a, b, d sí ẹnu ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ. Gbogbo ẹ̀hónú lórí ètò orúkọ parí síbẹ̀.

Ìjà mìíràn kò tètè parí. Nígbà tí ojú ẹni tó ni nọ́ńbà 1026 hàn, àwọn kan ń béèrè ohun tó kan ọmọ tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Éṣíà wá nínú ohun ìrántí ogun tí wọ́n jà ní Éṣíà, bí ẹni pé kì í ṣe Ohio ni wọ́n bí i sí. Tom Carhart, ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Vietnam, tí òun náà sì ti kópa nínú ìdíje, sọ níwájú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọnà ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1981 pé ọgbẹ́ dúdú ìtìjú ni. Olówó ńlá nì, Ross Perot, tó ti dáwó fún ìdíje náà, yí padà lẹ́yìn wọn. James Watt, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba, kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó ń bí wọn nínú kò ju mẹ́ta lọ: ó dúdú nígbà tí àwọn yòókù funfun, ó wà nísàlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù wà lókè, kò sì sí ère akọni kankan níbẹ̀.

Lórí ti àwọ̀ dúdú, George Price, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú, ló fèsì nípàdé kan ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982. Ó ní ó ti sú òun láti máa gbọ́ ọ pé àwọ̀ dúdú jẹ́ àwọ̀ ìtìjú. Ó ní lójú ogun ní Korea àti ní Vietnam, ọgbọọgba ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wo àwọ̀ ẹnìkejì. Ẹnikẹ́ni kò tún gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ dìde nípàdé náà.

Ohun tí wọ́n fi pẹ̀tù sí i ni pé kí wọ́n fi ère àti ọ̀págun àsíá kún un. Frederick Hart, tó wà lára àwọn tó gbé ipò kẹta nínú ìdíje, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ère náà fún. Lin kò fara mọ́ ọn, kò sì fi pa mọ́. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí, nítorí àwọn kan fẹ́ kí ọ̀págun wà ní orí igun ògiri gan-an, kí ère sì wà láàárín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ọnà fọwọ́ sí ère àti àsíá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n gbé méjèèjì jìnnà sí ògiri, sí ẹnu ọ̀nà. Báyìí ni wọn kò ṣe ba ètò ọmọ náà jẹ́. Wọ́n ṣí ògiri náà ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1982, wọ́n ṣí ère sójà mẹ́ta náà lọ́dún 1984, ère àwọn obìnrin tó sìn lójú ogun náà sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1993.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni àwọn ènìyàn ti ń gbé nǹkan wá sídìí rẹ̀: bàtà ogun, lẹ́tà, fọ́tò ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rí, àmì ẹ̀yẹ, ọtí bíà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó wọn pa mọ́, wọ́n sì ti lé ní 400,000. Lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà fún ògiri náà ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó bá ti pé ọdún 25 tí iyì rẹ̀ kò dín.

Lin gba oyè kejì ní Yale lọ́dún 1986. Lọ́dún 1989 ó ṣe tábìlì òkúta dúdú tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ sí Montgomery, ní Alabama, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí wọ́n pa nígbà ìjà ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú láti ọdún 1954 sí 1968. Ó ṣe òmíràn fún Yale lọ́dún 1993, tó fi iye akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ lọ́dọọdún hàn, tí òdo, òdo, òdo sì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ààrẹ Barack Obama fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún aráàlú lọ́dún 2016.

Orúkọ tó wà lára ògiri jẹ́ 57,939 lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó ti lé ní 58,200 báyìí, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Àmì dáyámọ́ńdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀ dájú pé ó kú, àmì àgbélébùú sì wà fún ẹni tí wọn kò rí. Bí wọ́n bá rí egungun rẹ̀, wọn yóò gbẹ́ dáyámọ́ńdì lé àgbélébùú lórí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun náà, tí ìjọba sì fọwọ́ sí i, wọ́n máa ń wá àyè fún orúkọ rẹ̀ ní ibi tó bá sún mọ́ ọjọ́ tó fara gbọgbẹ́ jù, láàárín àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀.