Ilé Ẹjọ́ tí Alágbàfọ̀ Kan Wọ̀

Ìtàn ilé ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, torí pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun wà nínú rẹ̀.

Ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ni ilé náà wà. Ọdún 1839 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọdún 1862 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Apá mẹ́rin ló ní bí àgbélébùú, òpó gàgàrà wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, irin ni wọ́n sì fi ṣe òrùlé rìbìtì tó ga sókè láàárín rẹ̀. Ilé tó rẹwà ni. Àmọ́ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń lu ẹrú ní gbàǹjo tí olówó wọn bá kú.

Ní 1846, Harriet Scott tó jẹ́ alágbàfọ̀, àti Dred ọkọ rẹ̀, pẹjọ́ pé àwọn kì í ṣe ẹrú mọ́, torí olówó àwọn ti mú àwọn gbé níbi tí òfin kò ti gba ẹrú níní. Ní 1847, ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Wọn ò sinmi. Ní 1850, nínú ilé yìí náà, wọ́n jàre. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ yí i padà ní 1852. Ní 1857, èyí tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè jẹ́ ọmọ onílùú. Ó mà ṣe o! Lóṣù karùn-ún ọdún náà, ẹni tí wọ́n bọ́ sí lọ́wọ́ dá wọn sílẹ̀, ilé ẹjọ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ti ṣe ìwé rẹ̀. Dred kú ní 1858. Harriet wà láyé títí di 1876.

Ní 1872, wọn ò jẹ́ kí Virginia Minor, obìnrin òyìnbó kan, forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ó fẹ́ pẹjọ́, àmọ́ òfin ìgbà náà kò gbà kí abilékọ dá pẹjọ́. Ọkọ rẹ̀ ló bá a fọwọ́ sí i. Wọ́n pàdánù ní 1875. Ọdún 1920 ni òfin ilẹ̀ wọn tó sọ pé a kò gbọdọ̀ torí pé ẹnì kan jẹ́ obìnrin fi ìbò dù ú.

Ilé ẹjọ́ ti kúrò níbẹ̀ láti 1930. Ó ti di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ wo ìtàn.

Ẹ̀yin ìyá mi, nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, kálukú ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.