Àmì Ohùn, Ọ̀wọ̀ àti Ẹ̀rọ Atúmọ̀ Èdè: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Yorùbá

Ìfáárà
Ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Ní 2022, Meta gbé ẹ̀rọ atúmọ̀ NLLB-200 jáde fún igba èdè, Yorùbá sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ ka èdè wa mọ́ra kò sọ pé ó gbọ́ ọ dáadáa. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ló ń pinnu bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ ọ.

Kékeré tó mọ́
Ní 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi dátà Yorùbá rẹpẹtẹ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wé èyí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣà jọ. Èyí tí wọ́n ṣà, bó tilẹ̀ kéré, ló wúlò jù. Ní 2021, àkójọ MENYO-20k jáde: gbólóhùn 20,100 ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, láti inú ìròyìn, ìwé ìtàn, rédíò àti fíìmù. Kí ó tó dé, ìwé ẹ̀sìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ Yorùbá.

Àmì ohùn
Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Baba ra oko.” Ṣé oko ni bàbá rà, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀, àbí ọ̀kọ̀? Òǹkàwé lè fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ lè ṣì í mú. Ìdí nìyí tí Iroro Orife fi ṣiṣẹ́ ní 2018 lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìfàmì sí. Ìṣòro mìíràn tún fara pamọ́: oríṣiríṣi ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú “ẹ́.” Ojú wa á rí lẹ́tà kan náà, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi tí a bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù
Nínú fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, nọ́ńbà, àsìkò àti ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń wà. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Fáìlì kì í sábà sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò sì ya “o” sọ́tọ̀ kúrò lára “ẹ.” Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ tó ń bi bàbá rẹ̀ léèrè lè di ẹni tó ń sọ pé, “Ṣé ò ń bọ̀?” níbi tó ti yẹ kó jẹ́, “Ṣé ẹ̀ ń bọ̀, sà?” Ìtumọ̀ ò sọnù, ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ dáadáa ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú òǹwòran. Tí a bá ń ti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, “Ó ti dé” kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwòrán nìkan ló mọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tí a kọ láìfàmì sí lẹ̀rọ ń kó padà fún wa. Kí àwọn oníwèé ìròyìn máa fàmì sọ́rọ̀. Kí àwọn onífíìmù máa tọ́jú ìwé eré wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sí i. Iṣẹ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọwọ́ àwa tí a ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́ ló wà.