Àgùntàn Tí Ìjọba Rán Lọ Bá Ajá Rìn

Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe yìí ni ìyá fi ń fa ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́, òun náà ni aládùúgbò sì ń fi dájọ́ nígbà tí ọlọ́pàá bá kó ọmọ onílé mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: kí ló bá wọn débẹ̀? Ibi tí òwe náà ti mú jù ni pé koríko ni oúnjẹ àgùntàn. Ajá kò fi ìgbẹ́ lọ̀ ọ́, kò sì fipá mú un. Ìrìn ló kọ́ ọ. Àmọ́ ohun kan wà tí òwe náà gbà láìsọ ọ́ síta, pé àgùntàn ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló rán an ńkọ́, tó ní kó lọ máa bá ajá gbé, kó máa ṣe bíi tiwọn, kó sì máa wá jábọ̀ ohun tó rí?

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí fíìmù Donnie Brasco nìyẹn, èyí tí Mike Newell darí ní 1997. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n gbé e lé. Ní 1976, Joseph Pistone, òṣìṣẹ́ FBI ní Amẹ́ríkà, pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì, ó sọ ara rẹ̀ di Donnie Brasco, olè tó ń ta góòlù àti dáyámọ́ǹdì. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá òkúta iyebíye mọ̀ kó tó lọ, torí bí kò bá mọ ayédèrú yàtọ̀, wọn yóò mọ òun náà ní ayédèrú. Ìdílé Bonanno, ọ̀kan nínú ìdílé Mafia márùn-ún tó wà ní New York, ló gbà á mọ́ra. Iṣẹ́ tí wọ́n rò pé oṣù mélòó kan ni yóò gbà kò parí títí di 1981.

Lefty Ruggiero, tí Al Pacino ṣe, ló mú un wọlé. Lefty kì í ṣe ọ̀gá. Nínú fíìmù náà, ó ní ènìyàn 26 ni òun ti pa fún ẹgbẹ́, síbẹ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gun òkè lójú rẹ̀, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, oògùn olóró sì ti ba ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ó rí Donnie, tí Johnny Depp ṣe, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dúró fún un níwájú àwọn yòókù. Ẹni tó bá ti ṣe onídùúró fún ayáwó rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Nínú Mafia, kì í ṣe owó ni onídùúró fi ń san án, ẹ̀mí ni.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ni àgùntàn ti jẹ ìgbẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà kí wọ́n tó jókòó, bí àṣà ibẹ̀. Inú bàtà Donnie ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà. Bó bá bọ́ ọ, ó kú. Ló bá purọ́ pé bàbá òun kú sógun àwọn ará Japan, òun kò ní bọ́ bàtà nítorí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà kanrí, wọ́n wọ́ òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ náà lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n lù ú bí ẹni máa pa á, Donnie náà sì bá wọn lù ú. Irọ́ yẹn bọ́gbọ́n mu, òun ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, kò sì sí ọ̀gá kan ní FBI tí yóò bá a wí lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló gbé ìyà rẹ̀. Nígbà tó fi máa délé, ohùn ọ̀daràn ló fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbá a létí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Orí òwe yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró lé. Àmọ́ ìránṣẹ́ inú òwe ń jíṣẹ́, ó sì ń padà. Ẹni tó bá wọn jẹun, tó bá wọn sọkún ọmọ ní ọsibítù, tí ọdún Kérésìmesì ń bá nílé wọn, kò bẹ̀rù Lefty mọ́ lóòótọ́, ìfẹ́ rẹ̀ ló ti kó sí i lára. Ẹni tó rán an kì í sì í ṣe ènìyàn lójú rẹ̀ mọ́, ohùn kan lórí tẹlifóònù ni.

Pistone fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ pé òun kò fìgbà kan gbàgbé ẹni tí òun jẹ́. Mi ò ní jà á níyàn, ṣùgbọ́n fíìmù náà kò gbà á gbọ́, èmi náà sì fara mọ́ fíìmù. Nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí àṣírí Donnie tú, Lefty bọ́ aago àti ẹ̀gbà rẹ̀ sínú àpótí kó tó jáde lọ síbi tí wọn yóò ti pa á. Ní ayé gidi, FBI mú un kí àwọn apànìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì wà láyé títí di 1994. Ọ̀gá rẹ̀, Sonny Black Napolitano, ni wọ́n pa ní 1981; nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n ti gé ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ọ̀daràn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí iṣẹ́ Pistone lé ní 100. Ìjọba fún un ní 500 dọ́là. Mafia ní tirẹ̀ fi 500,000 dọ́là lé orí rẹ̀, ẹ rí i pé àwọn ọ̀tá mọ iye rẹ̀ ju ẹni tó rán an lọ.

Àwọn ará Hong Kong ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, nínú fíìmù Infernal Affairs tí Andrew Lau àti Alan Mak ṣe ní 2002, èyí tí Martin Scorsese wá tún ṣe ní ti Boston ní 2006. Chan, tí Tony Leung ṣe, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́wàá láàárín ọ̀daràn. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ pé ọlọ́pàá ni. Àwọn ọ̀daràn ju ọ̀gá náà sílẹ̀ láti orí òrùlé. Ohun tó ṣẹ́kù ni fáìlì inú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń jẹ́ Lau nínú fíìmù náà, tí àwọn ọ̀daràn rán wọ inú iṣẹ́ ọlọ́pàá, sì pa á rẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tí àgùntàn jẹ kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, kò sáà sí ẹni tí yóò jẹ́rìí pé àgùntàn ni. Nígbà tí Chan dojú ìbọn kọ Lau, tó ní ọlọ́pàá ni òun, ohun tí Lau fi dá a lóhùn ni pé ta ló mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ agbéniròkè ni wọ́n ti yìnbọn pa Chan. Dókítà tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ ló wá wá ẹ̀rí jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí wọ́n tó kà á mọ́ ọlọ́pàá.