Àyẹ̀wò Ẹ̀rí-Ọkàn ti Ignatius Mímọ́

Àyẹ̀wò ẹ̀rí-ọkàn ni àdúrà ojoojúmọ́ tí Ignatius mímọ́ ará Loyola (1491–1556) là sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdárayá ẹ̀mí, èyí tí Póòpù Paul Kẹta fọwọ́ sí ní 1548. Jagunjagun ni Ignatius ní Sípéènì kí ọta àgbá tó fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Pamplona ní 1521. Orí ibùsùn àìsàn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkàn ara rẹ̀: èrò wo ló ń fi ayọ̀ tó tọ́jọ́ sílẹ̀, èwo ló ń fi òfìfo sílẹ̀?

Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí yóò kọ́kọ́ dúpẹ́, yóò tọrọ oore-ọ̀fẹ́ láti mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, yóò wo ọjọ́ náà láti wákàtí dé wákàtí, yóò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, yóò sì pinnu àtúnṣe. Ọpẹ́ tó ṣáájú yìí ni agbára àyẹ̀wò náà. Ẹni tó ti rántí oore Ọlọ́run lè wo àṣìṣe rẹ̀ láìsí ìjayà. Àwọn tó sọ ọ́ di kíka ẹ̀ṣẹ̀ lásán ti bù ú kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ni àwọn Jesuit, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn tí Ignatius dá sílẹ̀, ń ṣe é. Kò gba àkókò púpọ̀, ó sì yẹ ẹni tó ń darí ènìyàn gan-an: ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ìyálọ́jà lè fi bi ara rẹ̀ bóyá ìbínú ló ṣe ìdájọ́ tó dá láàárọ̀. Ignatius tún ní kí a mú àléébù kan ṣoṣo, kí a máa fàmì sí ìlà tí a fà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nígbàkígbà tí a bá ṣubú, kí a sì fi ọ̀sẹ̀ kan wé èkejì.