Yábàá, Ibà Pọ́njú àti Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì B

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ Yábàá nínú ìtàn Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọjà àti ọkọ̀ ojú irin ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ níbẹ̀. Àlàyé tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà kò pa ti fi agbára áńtíbọ́dì hàn ní Yábàá kí àwọn onímọ̀ tó mọ sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan, Asibi, tí ó ń ṣàìsàn ní Gold Coast tí ó di Gánà lónìí. Wọ́n fi gún ọ̀bọ kan tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, ibà pọ́njú sì mú un. Asibi yè é, ọ̀bọ kú. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé ọ̀bọ tí wọ́n bá fún ní omi ojú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ibà náà kì í kó o. Àrùn yìí kan náà ni ó pa Stokes ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927.

Orísun Áńtíbọ́dì

Ohun tí ó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ náà ni áńtíbọ́dì. Ní 1948, Astrid Fagraeus fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì pílásímà ni ó ń tú u jáde. Ní 1956, Bruce Glick àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé adìẹ tí a yọ àpò bursa ìdí rẹ̀ kò lè pèsè rẹ̀ dáadáa. Bursa yìí ni a ti mú lẹ́tà B.

Nínú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣẹ̀dá sẹ́ẹ̀lì B ọmọ ènìyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìgbámú tirẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Èyí tí ó bá fẹ́ bá ara jà ni a ń pa tàbí kí a pa á lẹ́nu mọ́. Ìyókù a bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn kókó abẹ́ abíyá àti ọrùn. Bí èyí tí ó bá fáírọ́ọ̀sì mu bá gbá a mú, tí sẹ́ẹ̀lì T sì ràn án lọ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Àwọn kan a di sẹ́ẹ̀lì pílásímà tí ń tú áńtíbọ́dì. Àwọn kan a di olùrántí, tí yóò tètè dìde bí ọ̀tá náà bá padà wá.

Àgbálọgbábọ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Fáírọ́ọ̀sì tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di aláìlágbára ní New York láti ṣe àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Yábàá náà ṣe àjẹsára yìí títí di 1991. Síbẹ̀, ibà pọ́njú tún yọjú ní Kwara ní 2017. Sẹ́ẹ̀lì B kò lè rántí ọ̀tá tí a kò fi hàn án rí. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí dárúkọ Asibi pẹ̀lú Theiler.